Òrùlé Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Àwọn adìyẹ Àbẹ̀kẹ́ ṣì ń sùn lábẹ́ òrùlé tí bàbá mi kàn sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń gbọn ìyẹ́, tí àkùkọ á fò sórí páànù, tí èékánná rẹ̀ á sì máa ha irin náà. Ìyàwó mi ló ń sìn wọ́n. Láti ìgbà òjò èṣí tí a ti sin ín, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn adìyẹ. Ọdún tí mo kọ́kọ́ mú Àbẹ̀kẹ́ wá sí Ìlọ́fà, ìlú wa, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó rí òrùlé náà níbi tí wọ́n gbé e lé bíríkì lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ní, "Kí rèé? Ilé àwọn ta ni?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí ìjókòó, ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un títí ọbẹ̀ fi jóná. Láti ọjọ́ náà ni Àbẹ̀kẹ́ ti ń sọ pé kí n kọ ọ́. "Ìwọ tó o ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ, o ò lè kọ ti ilé bàbá rẹ?" Mo máa ń dá a lóhùn pé ó di ìgbà tí mo bá fẹ̀yìn tì. Mo fẹ̀yìn tì, a padà wá sílé, n kò kọ ọ́. Mò ń kọ ọ́ báyìí.

Ilé wa wà lẹ́bàá títì, àpáta ńlá kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí àpáta yìí ni ìyá mi ti ń sá iṣu tó fi ń ṣe èlùbọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo ọgbà wa a máa gbóòórùn iṣu tí wọ́n bọ̀ sínú omi gbígbóná, ìka gbogbo wa a sì máa yún wa nítorí èèpo. Ohùn tí mo fi mọ ilé náà ni ti ọ̀bẹ tó ń ha iṣu, ti Yèyé, ìyá bàbá mi, tó ń bú ewúrẹ́ kúrò lórí àpáta láì dìde lórí àga rẹ̀, àti ti òòlù bàbá mi. Káfíńtà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n òrùlé kíkàn ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ láti ọ̀dọ̀ wa dé Kọ́rò àti Ọ̀bọ̀-Ilé. Òun ló kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ. Bí ìwàásù bá gùn, àwa ọmọ a máa gbójú sókè ka pákó àjà, a ó sì rí i pé ojú bàbá wa náà wà lókè, ó ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í ṣófo. Ètè ló fi ń gbá ìṣó mú, àárín ìṣó ló sì ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí ohùn rẹ̀, ohùn ẹni tó ń fi eyín gé ọ̀rọ̀ kúrú ni mo máa ń gbọ́.

Píkọ́ọ̀pù kan wà nílé wa, ògbólógbòó, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí débi pé a kò lè sọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí à ń pè ní Bọ̀dá Gbóyè, ló ń wà á. Ọkọ̀ yìí ni ìyá mi fi ń kó èlùbọ́ lọ sí Ìlọrin, fún oníbàárà rẹ̀ kan tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà bí ẹni pé ẹbí wa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ọmọ kò rí i rí. Ẹ̀ẹ̀rùn la fi ń ṣe èlùbọ́, ṣùgbọ́n ìgbà òjò, kí iṣu tuntun tó jáde, ló máa ń tà jù. Nítorí náà, àsìkò tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan gan-an ni ìyá mi máa ń wà lójú ọ̀nà. Tápólì ni wọ́n fi ń bo ẹrù ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, atẹ́gùn fa tápólì náà ya kété tí wọ́n kúrò ní Òmù-Àrán, òjò sì wọ inú àpò. Èlùbọ́ tí omi bá kàn a máa dì, kò sì ní pẹ́ hu. Àlàájà gba díẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí ojú, ó wá sọ fún ìyá mi pé, "Ìyá Dúpẹ́, mo fẹ́ràn rẹ, mo fẹ́ràn èlùbọ́ rẹ. Àmọ́ tó o bá tún gbé èyí tó tutù wá lẹ́ẹ̀kan sí i, má wulẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Dúpẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn òbí wa.

Ìdí oúnjẹ ni ìyá mi ti ròyìn ọ̀rọ̀ yìí. Kò sunkún, kò gbóhùn sókè. Ó kàn ní, "Òun ló ń gba gbogbo ẹrù mi. Tó bá fi mí sílẹ̀, inú yàrá ni èlùbọ́ ọdún yìí máa hu sí." A ń gbọ́ tí Yèyé ń fi eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ wá egungun inú ẹja. Bàbá mi fọ ọwọ́, ó ní, "Màá kan òrùlé sí i."

Bọ̀dá Gbóyè ní, "Sí kí ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Sí ọkọ̀."

"Ṣé màá máa san owó ilé ni?"

Bàbá mi dìde lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí èmi àti Dúpẹ́ tó ti ilé ìwé dé, ó ti ṣí òrùlé ìsọ̀ ara rẹ̀. Páànù tó wà lórí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ló tú, nítorí pé kò sí òmíràn nílẹ̀, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ibẹ̀. Yèyé pè é ní oríkì, ó ní, "Àjàní, ṣòkòtò ara rẹ lo wá ń bọ́ wọ ọkọ̀?" Bàbá mi ní, "Yèyé, èmi lè sáré wọlé tí òjò bá dé. Èlùbọ́ kò lẹ́sẹ̀." Mo ti dàgbà ju bí ó ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ báyìí. Mo ti gbọ́ àwọn ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ í sọ, èmi náà sì ti gbìyànjú láti sọ ọ́. N kò tíì rí ẹlòmíràn tó tú òrùlé orí ara rẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀ láì mẹ́nu kan ìyàwó náà rárá.

Ó fi pákó tó fúyẹ́ ṣe egungun òrùlé náà, bí ti ilé kékeré tó da gẹ̀rẹ̀ sí ìhà méjì, ó sì gbé e jókòó sí etí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí omi lè máa ṣàn sí ọ̀tún àti òsì. Iṣẹ́ tiwa ni láti máa na ìṣó tó ti wọ́ lórí òkúta, kó lè tọ́, kó ṣeé lò padà. Ariwo rẹ̀ gba gbogbo ọgbà. Yèyé ní orí òun ni à ń kan ìṣó sí. Bàbá mi gé rọ́bà inú táyà àtijọ́ wẹ́wẹ́, ó fi sí abẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan kí omi má baà gba ojú ihò. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ a dúró, wọn a ní, "Ẹ wá wo ulé ọkọ̀!" Ulé ni àwa ń pe ilé ní èdè tiwa, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Títí di òní, bí mo bá sọ fún ẹni tó dàgbà ní àdúgbò wa pé mò ń lọ sí ìdí ulé, ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń to páànù lọ́dọ̀ wa, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìhà ìlà oòrùn ni ìjì ti máa ń wá bá ìlú wa. Gbogbo ẹni tó ń kan òrùlé ló mọ̀ ọ́n. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, páànù tó bá tẹ̀ lé e á gun etí èyí tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa tò ó títí wọ́n á fi parí sí ìlà oòrùn. Bí ìjì bá dé, orí páànù ló máa gbà kọjá. Kò ní rí etí kankan kó sí abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ wa dúró nínú ọgbà, ó kọjú sí títì ní ìwọ̀ oòrùn, ó kọ ìdí sí ìlà oòrùn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí awakọ̀, ó ń to páànù lọ sí ìdí ọkọ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe é láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́. Àwọn káfíńtà wá láti Kọ́rò, wọ́n wò ó yí ká, wọ́n kan sáárá sí i. Kò sẹ́ni tó rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Nígbà tó parí, ó ní kí èmi àti Dúpẹ́ wọ abẹ́ òrùlé náà, kí Bọ̀dá Gbóyè sì gun àkàbà, kó máa da omi sí i. Omi ń dún lórí wa bí ìgbà tí wọ́n ń da àgbàdo sínú agolo.

"Ṣé ó ń jò?" Ohùn bàbá mi nìyẹn láti ìta.

"Kò jò o, Bàbá!"

"Ẹ fọwọ́ pa ilẹ̀ rẹ̀ wò."

"Gbígbẹ ni!"

Bọ̀dá Gbóyè ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn da ìyókù omi náà sí wa lára, ó ní, "Ó ti ń jò báyìí." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tó ti dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé páànù náà, ó ń rà á lọ rà á bọ̀, bí ẹni ń ra ẹ̀yìn ọmọ kó lè sùn.

Lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n di ẹrù. Òwúrọ̀ ni wọ́n lọ, lẹ́yìn àdúrà. A kò retí wọn títí di alẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a gbọ́ fèrè ọkọ̀. Yèyé ní, "Ó ti yá jù." Òjò ti bá wọn kí wọ́n tó dé Àjàṣẹ́. Ìyá mi ní kí Gbóyè dúró. Ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tú ẹnu àpò òkè, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀. Kò bá a débi tí Àlàájà máa ti rí i. Ó ní kí wọ́n yí orí ọkọ̀ padà. Àwọn àpò ìsàlẹ̀ kò tutù, ṣùgbọ́n ti òkè ti di ti ewúrẹ́.

Ohun tí ìyá mi ṣe lọ́jọ́ náà, mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn aládùúgbò ti ń péjọ, ojú bàbá mi ti rẹ̀wẹ̀sì, ìyá mi sì kí wọn dáadáa, ó ní ojú ọ̀nà ni kò dáa. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó gún iyán fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí Dúpẹ́ bá a gún un. A ń gbọ́ ọmọ odó tó ń lọ sókè sódò, kò yára, kò falẹ̀. Ó gbé oúnjẹ síwájú bàbá mi.

Bàbá mi ní, "Ibo ló ti wọlé?"

"Ẹ jẹun ná, Bàbá Dúpẹ́."

"Ìyá Dúpẹ́, ibo ló ti wọlé?"

"Ẹ jẹun."

Ó jẹun. Ìgbà tó fọ ọwọ́ tán ni ìyá mi tó sọ ọ́: iwájú ni, gbogbo ibi tí páànù ti gun ara wọn, bí ẹni pé èèyàn kan dúró síwájú tó ń da omi sí i. Bàbá mi ní, "Òrùlé tí a da omi lé lórí tí kò jò." Bọ̀dá Gbóyè, tí kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́, wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé tí ẹ kọ́ dáa. Kò kàn mọ̀ pé òun ń rìn ni." À ń retí kí bàbá mi bínú. Ó wo Gbóyè títí, ètè rẹ̀ sé pọ̀ bí ìgbà tí ìṣó wà nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òjò tún dé. Gbogbo wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbébọ̀ Yèyé kan kò rí ibi wọ̀, ó dúró ní àárín ọgbà, ó kọjú sí ìjì gangan, ó fún ọrùn mọ́ra. Yèyé ń bú u: "Adìyẹ yìí, ṣé o ya wèrè ni? Yí ẹ̀yìn sí òjò bí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ!" Bàbá mi gbójú sókè. Ó wo adìyẹ náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá dìde, ó rìn jáde sínú òjò láì dé fìlà. Yèyé pariwo pé kí ló ń ṣe ọmọ òun. Adìyẹ náà ti tutù jù, kò lè sá. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí lọ sí ìrù, ó tún rà á láti ìrù lọ sí orí, ìyẹ́ náà sì dìde. Ó gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìka ṣí ìyẹ́ rẹ̀ hàn wá. Ara rẹ̀ gbẹ lábẹ́. "Ti iwájú ló ń gun ti ẹ̀yìn," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó wo ọkọ̀ tó dúró nínú òjò náà, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo rò pé ara rẹ̀ ló ń rín. Ìjì ilé, ibì kan ló ti ń wá. Ìjì ọkọ̀, iwájú ló ti ń wá, ibi yòówù kó máa lọ.

Títì ni gbogbo ìlú ń gbà kọjá, iwájú títì náà ni bàbá mi ti tú òrùlé náà. Ó lè gbé ọkọ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Kò gbé e lọ. Àwọn tí wọ́n ti kan sáárá sí i rí i tó ń fa ìṣó yọ.

Ọkùnrin kan kígbe láti orí kẹ̀kẹ́ pé, "Bàbá Káfíńtà! Ṣé ọkọ̀ náà kò san owó ilé ni?"

"Mo kàn án sódì ni," ni bàbá mi fi dá a lóhùn, òòlù lọ́wọ́. "Mò ń tún un kàn."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi í, ohùn kan náà, bí ẹni ń sọ aago tó lù. Mo ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Ìgbàkígbà tí mo bá ṣe ìṣirò kan sódì lójú pátákó, tí ọmọ kan sì rí i, bàbá mi ni mo máa ń rántí, màá nu ún, màá tún un ṣe. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn láì kọ́kọ́ rí ẹni tó ṣe é.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìdí ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí ẹ̀yìn orí awakọ̀. Ó fi ọ̀dà dúdú dí àwọn ihò ìṣó àtijọ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni da omi sí i. Ó dúró di ìgbà tí òjò gidi dé, ó wá ní kí Bọ̀dá Gbóyè wa ọkọ̀ náà gba ọ̀nà Èrúkù, kó sáré, kó sì padà. Ìyá mi bu èlùbọ́ sínú igbá méjì, ó gbé ọ̀kan lé èmi lórí ẹsẹ̀, ó gbé èkejì lé Dúpẹ́, a jókòó sí abẹ́ òrùlé náà. "Ẹ má bò ó o," ló wí. "Bí ẹ̀kán omi kan bá kàn án, màá rí ojú rẹ̀." Ọkọ̀ ń ju wá sókè, òjò ń lu páànù tí a kò fi lè gbọ́ ohùn ara wa, mo sì tẹ ojú mọ́ èlùbọ́ náà bí ẹni pé ojú mi ló máa dá òjò dúró. Nígbà tí a padà, ìyá mi gba igbá náà, ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Kò sí ojú omi kankan lára rẹ̀. Síbẹ̀ kò yọ̀. Ó ní, "Èrúkù kọ́ ni Ìlọrin."

Ọjọ́ tí wọ́n lọ, òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nínú ìlú. Bàbá mi lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó dúró sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tó ń jò, a kò sì gbọ́ òòlù rẹ̀ rárá. Ọ̀sán kọjá, a kò gbọ́ fèrè. Yèyé ní, "Bí wọn ò ṣe tíì dé yìí, ó dáa." Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ wọlé. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, a sì rí àmì ọwọ́ kan ní èjìká aṣọ aláró rẹ̀, ọwọ́ odindi, ìka márààrún, tí a fi èlùbọ́ tẹ̀ síbẹ̀. Dúpẹ́ ní kí òun gbọ̀n ọ́n nù fún un. Ìyá mi ní, "Fi sílẹ̀!" Ó rìn tààrà lọ sí ìsọ̀, àwa náà tẹ̀ lé e. Ó ní Àlàájà kò kí òun, kò wo ojú òun. Ó bọ ọwọ́ sínú àpò òkè títí dé ìgúnpá, ó bọ̀ ọ́ sínú ti ìsàlẹ̀, ó yọ ọ́ jáde, eruku ń bọ́ lára rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ náà gbá òun léjìká, ó ní, "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, jàre!" Bàbá mi wo èjìká ìyá mi. Ó na ìka, ó fọwọ́ kan etí àmì náà, ó wo orí ìka rẹ̀. Ó ní, "Ó gbẹ." Kò pẹ́ tí òòlù rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ọkọ̀ náà kú tipẹ́, wọ́n sì fà á lọ. Òrùlé rẹ̀ ni bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n gbé. Nígbà tí èmi àti Àbẹ̀kẹ́ padà sílé, Àbẹ̀kẹ́ ló ní kí a fi wáyà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, kí àwọn adìyẹ rí ibi sùn. Ó ní ẹni tó kọ́ bàbá mi níṣẹ́ ló tọ́ sí. Ó máa ń gbé àpò oúnjẹ wọn sí igun kan lábẹ́ rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé kó gbé e wọlé kí òjò má baà bà á jẹ́. Á ní, "Lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ?" Á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Lánàá, òjò ńlá rọ̀ láti ìlà oòrùn. Nígbà tó dá, mo lọ sí ìdí ulé láti fún wọn lóúnjẹ. Ìpẹtà ti jẹ páànù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀dà ojú ihò àtijọ́ ṣì dúdú. Àpò tí Àbẹ̀kẹ́ rà gbẹ̀yìn, tí mò ń bù díẹ̀díẹ̀ mọ́ tuntun kó má baà yára tán, ṣì wà ní igun rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó tán. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bọ ọwọ́ sínú rẹ̀ títí kan ìsàlẹ̀, mo sì yọ ọ́ jáde. Eruku oúnjẹ náà funfun lára ìka mi. Mo da ti àwọn adìyẹ fún wọn. N kò gbọn ọwọ́ náà nù títí mo fi wọlé.